Ṣé Ó Tọ́ Kí Á Fi Ẹ̀rín Bá Àgbà Wí? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀fẹ̀ Obìnrin àti Àtúnṣe Ìlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Òwe yìí kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú wa. A máa ń pa á nígbà tí ìyà bá pọ̀ jù, tí omijé sì ti gbẹ lójú. Ṣùgbọ́n lónìí a fẹ́ yẹ òwe náà wò láti ìhà mìíràn. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tí ó ti sọ ìrètí nù ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe ẹ̀rín ẹni tí ó fẹ́ kí nǹkan yí padà, pàápàá jù lọ ẹ̀rín àwọn obìnrin. Ìbéèrè wa ni èyí: bí àwọn tí kò ní àṣẹ bá fi àwọn tí ó ní àṣẹ ṣe ẹ̀fẹ̀ ní gbangba, kí nǹkan lè tún ṣe, ǹjẹ́ ó tọ́? Àbí àìbọ̀wọ̀fágbà lásán ni, tí a fi aṣọ ọgbọ́n bò?

Kì í ṣe inú ìwé ni a ti pàdé ìbéèrè yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wá sí àpèjẹ ìparí ọdún ẹgbẹ́ wa yóò rántí eré kékeré tí àwọn ìyá wa àti àwọn arábìnrin wa ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Obìnrin mẹ́fà wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì bí ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé àwo ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín wọlé, wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa owó ẹgbẹ́. "Alága" fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò sí lágbọ̀n rẹ̀, ó yin ọbẹ̀ wọn, ó yin aṣọ wọn, ó ní ọwọ́ tí ó mọ ọbẹ̀ sè tó báyìí, ìyà ni kí á tún máa fi ìṣirò owó yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kò sì ní gbàgbé "akápò" náà. Ó gbé gíláàsì ka orí imú, ó ṣí ìwé ńlá kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó wò ó títí, ó pa á dé, ó ní, "Owó wà. Ẹ fọkàn balẹ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Akápò ẹgbẹ́ ni àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a fi ń jẹun, ilẹ̀ òkèèrè yìí ni a sì ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó sọnù lọ́wọ́ wa rí. Nítorí náà inú wa kò dùn rárá. A rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Bí a ti ń wa ọkọ̀ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wa obìnrin bèèrè láti ẹ̀yìn pé, "Dádì, ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni?" Ìyá rẹ̀ yíjú sí fèrèsé. A kò dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ gbé wa kọjá níwájú ilé ìṣeré kan ní Smith Street, ní àárín ìlú Winnipeg tí à ń gbé yìí. Burton Cummings Theatre ni wọ́n ń pè é láti ọdún 2002, ṣùgbọ́n Walker Theatre ni orúkọ tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà láìmọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ilé yẹn gan-an, ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1914, àwọn obìnrin ìlú yìí ṣe eré kan tí ó jọ ti àwọn ìyá wa bí ìbejì.

Nígbà náà, obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ìjọba ìpínlẹ̀ Manitoba. Ní ọdún 1912 ni àwọn obìnrin kan, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí ó fara mọ́ wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Political Equality League, láti jà fún ẹ̀tọ́ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Nellie McClung, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, tí ó ń kọ ìwé ìtàn, tí ó sì jẹ́ ìyá ọlọ́mọ márùn-ún. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá olórí ìjọba ìpínlẹ̀, Sir Rodmond Roblin, ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n ní kí ó fún obìnrin ní ìbò. Ọkùnrin náà kò bú wọn. Yínyìn ni ó yìn wọ́n. Ó fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé obìnrin gẹ̀gẹ̀, ó ní ìbò yóò tú ilé ká, ó sì dá wọn padà lọ́wọ́ òfo. McClung fara balẹ̀ ń wò ó: bí ó ṣe ń ju ọwọ́, bí ó ṣe ń gbé ohùn sókè tí ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí ó ṣe ń fi ìyìn dí ènìyàn lẹ́nu.

Nígbà tí ó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ilé ìṣeré kún fọ́fọ́. Nínú eré wọn, ayé ti yí po: obìnrin ni ó ń ṣe ìjọba, ọkùnrin ni kò ní ìbò. Àwọn aṣòfin obìnrin kọ́kọ́ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kan yẹ̀ wò, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọkùnrin tí ó bá wọ táì pupa tàbí bàtà tí ń dún wọ inú ilé ìjọba. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin wọlé láti wá tọrọ ìbò. McClung, tí ó ń ṣe olórí ìjọba, dìde. Ó yin ẹwà wọn, ó yin ìwà wọn. Ó ní ìbò yóò kó ìdààmú bá ọkàn ọkùnrin, bí ọkàn ọkùnrin bá sì dàrú, gbèsè àìsan àti àga fífọ́ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò fi èébú kankan kún un. Irú ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi dá wọn padà lánàá ni ó gbé jáde, tí ó fi "ọkùnrin" sí ibi tí "obìnrin" wà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín dé ibi pé owó tí eré náà pa ni ẹgbẹ́ fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìpolongo tí ó kù. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin ti ṣe irú ilé ìgbìmọ̀ ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Winnipeg ní 1893, wọ́n sì ṣe é ní Toronto ní 1896.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú oníṣirò wo ohun tí obìnrin yìí ṣe. Nínú iṣẹ́ wa, ìwé owó a máa ní ojú méjì. Ohun tí a kọ sí apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ohun tí a kọ sí apá òsì mu. Bí wọn kò bá dọ́gba, àṣìṣe tàbí irọ́ wà níbì kan, bí ó ti wù kí ojú ìwé náà mọ́ tó. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ tí à ń sọ yìí. Ní apá kan, a kọ ọ̀rọ̀ tí aláṣẹ ń sọ nípa ẹlòmíràn. Ní apá kejì, a gbé ọ̀rọ̀ kan náà lé aláṣẹ fúnra rẹ̀ lórí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òdodo, kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, nítorí apá méjèèjì yóò dọ́gba. Bí a bá sọ pé ebi ń pa obìnrin, tí a yí i pa dà pé ebi ń pa ọkùnrin, ta ni yóò rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ dìbò nítorí pé ó lẹ́wà, tí a wá yí i sí ọkùnrin, ilé yóò mì. Ẹ̀rín náà ni ẹ̀rí pé ìṣirò kò pé. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ẹ̀fẹ̀ irú èyí kì í ṣe ọ̀nà láti sá fún àríyànjiyàn. Àríyànjiyàn gan-an ni, tí àwùjọ sì dá ẹjọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè dá wọn dúró.

Nígbà tí èyí yé wa, a padà sílé, a ṣí ìwé owó ẹgbẹ́. Gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n a rí ohun méjì tí a kò wò tẹ́lẹ̀. Èkíní ni pé ju ìdajì owó tí ó wọlé lọ ni ó ti ọwọ́ àwọn obìnrin wá, láti orí oúnjẹ títà, aṣọ ẹgbẹ́ àti owó àkànṣe. Nínú àwọn méje tí ó ń pinnu bí a ó ṣe ná an, kò sí obìnrin kan. Èkejì ni pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti ka ìwé owó náà sétí gbogbo ẹgbẹ́ gbẹ̀yìn. Àwa méje a máa jókòó, a máa kà á, a máa fọwọ́ sí i, ó parí. Nígbà náà ni a mọ̀ pé "akápò" inú eré kò purọ́ mọ́ wa. Ìwé tí a kò ṣí fún ènìyàn, òfìfo ni lójú rẹ̀, ì báà kún dé ẹnu.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọgbọ́n òyìnbó ni èyí, kí ó rántí Abẹ́òkúta. Láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó-orí fún ìjọba. Ọmọbìnrin a máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ láti 16. Àwọn agbowó-orí a sì máa tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò ó bóyá wọ́n ti tó ẹni tí ó ń san án. Obìnrin kankan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ná owó náà. Nígbà tí ó di 1946, ẹgbẹ́ tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀ di Abeokuta Women's Union, àwọn obìnrin ọlọ́jà sì ya wọ inú rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n tilẹ̀ gba oníṣirò owó kan pé kí ó bá àwọn yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwa oníṣirò yọ̀ díẹ̀ níbí yìí, a kì í sábà rí ara wa nínú ìtàn àwọn akọni. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn ní àyè láti wọ́de, wọ́n ní ta ni ó sọ pé àwọn ń wọ́de? Wọ́n ní píníìkì ni àwọn ń lọ ṣe, wọ́n ní ọdún ni àwọn ń ṣe. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, àti ní oṣù kejìlá pẹ̀lú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin kóra jọ síwájú ààfin Aké, wọ́n sì ń kọrin.

Ọ̀pọ̀ nínú orin náà kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé tí ọmọdé yóò kà. Wọ́n fi ara ọkùnrin àti ara obìnrin ṣe ẹ̀fẹ̀ láìbò, wọ́n sì fi Kábíyèsí Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, kọrin ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tí a tọ́ dàgbà nílé mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. A kì í fi ọba ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ tún ro ó wò. Ní orúkọ àṣẹ ààfin yẹn ni wọ́n ti ń tú aṣọ ọmọ wọn ní gbangba. Àwọn ìyá àwọn ọmọ náà kò sun ààfin. Orin ni wọ́n fi tú aṣọ àṣẹ ní gbangba tirẹ̀, kí gbogbo ìlú lè rí bí ó ṣe máa ń rí lára ẹni. Ní 1948 wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1949 Ọba fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 1950 kí ó tó padà.

Ẹ̀fẹ̀ tí ó ń tún ìlú ṣe kò ṣàjèjì sí wa rí. Ní ilẹ̀ Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òru Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ijó ojúmọmọ. Ní òru náà, ẹni tí ó gbé Ẹ̀fẹ̀ yóò dúró láàárín ọjà, yóò fi orin àti àwàdà tú àṣírí ẹni tí ó ṣe ohun tí kò dára láàárín ìlú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mú un sí i. Ọkùnrin ni ó ń gbé e, ṣùgbọ́n agbára àwọn ìyá ni ó fi ń sọ̀rọ̀, àwọn ni a sì ń fi gbogbo ọdún náà bẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀, nígbà náà, pé ìlú tí kò ní alẹ́ kan tí wọ́n lè fi ẹ̀rín sọ òdodo fún alágbára, ọjọ́ tí wọn yóò fi ìjà sọ ọ́ kò jìnnà.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀rín nìkan tó. Ẹ jẹ́ kí á parí ìtàn Winnipeg bí ó ti rí. Roblin kò yí ọkàn padà. Ní oṣù keje ọdún 1914 kan náà, ó tún wọlé ìbò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ tí ó fi wọlé ti dín kù. Ohun tí ó gbé e kúrò ní 1915 ni ọ̀rọ̀ owó: wọ́n rí i pé agbaṣẹ́ṣe tí ó ń kọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ti gba owó kọjá iṣẹ́ tí ó ṣe. Ìjọba tuntun ti T. C. Norris ní kí àwọn obìnrin kó orúkọ jọ láti fi hàn pé ìlú fẹ́ ohun tí wọ́n ń béèrè. Wọ́n kó orúkọ tí ó lé ní 39,000 jọ. Ìyá arúgbó kan, Amelia Burritt, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, kó 4,250 jọ ní tirẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1916, ọdún méjì gééré lẹ́yìn eré náà, Manitoba di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Kánádà tí ó fún obìnrin ní ìbò.

Kí ni ẹ̀rín wá ṣe nínú rẹ̀? Lójú tiwa, kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ó yí padà, àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ni. Ẹni tí ó ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan kò tún lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí arúgbó náà kan ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹ̀rù kò bà wọ́n mọ́ láti fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wọlé. Bí àwọn ìyá Ẹ̀gbá ti kọrin náà ni wọ́n kọ ìwé, tí wọ́n ṣírò owó, tí wọ́n jókòó sójú kan. Ewu tí ó wà nínú ẹ̀fẹ̀ ni kí á rẹ́rìn-ín tán, kí ara tù wá, kí á sì padà sílé bí ẹni pé a ti ṣiṣẹ́.

Ewu kejì wà, òun ni kí ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi ẹ̀fẹ̀ bá alágbára wí gbàgbé pé òun náà lágbára lórí ẹlòmíràn. Òfin 1916 kò kan àwọn onílẹ̀, àwọn ọmọ First Nations tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ó di 1952 kí wọ́n tó lè dìbò ní Manitoba, ó sì di 1960 kí wọ́n tó lè dìbò fún ìjọba àpapọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pàdánù ẹ̀tọ́ mìíràn. McClung fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ó kó lọ sí Alberta, fara mọ́ òfin 1928 tí ó jẹ́ kí ìjọba máa sọ àwọn tí wọ́n kà sí aláìlera ọpọlọ di aláìlèbímọ. Kò sí ẹni tí ó ṣe eré kan láti yí ọ̀rọ̀ yẹn pa dà mọ́ ọn lórí. A kò sọ èyí láti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ère rẹ̀ wà lọ́gbà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa láti 2010, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. A sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ tí ó tọ́ ni èyí tí ó kọjú sókè. Èyí tí ó bá kọjú sí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ti di yẹ̀yẹ́, ì báà jẹ́ obìnrin ni ó ń ṣe é.

Ó wá ku àríwísí tí ó le jù. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa kò wá sí ìpàdé mọ́ lẹ́yìn eré náà. A lọ kí wọn nílé. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní omi, wọ́n wá sọ pé, "Ọmọ mi, ẹ̀fẹ̀ yẹn kọ́ ló dùn mí. Mo ti gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ mi tó ń rẹ́rìn-ín ló dùn mí. Níbi iṣẹ́, ohùn mi ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá sáàárín ẹ̀yin èèyàn mi kí n lè jókòó bí èèyàn." A kò rí èsì fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Nílé, àgbà tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lóru Ẹ̀fẹ̀ yóò jí láàárọ̀, yóò sì tún jẹ́ àgbà. Ní ilẹ̀ àjèjì, ipò àgbà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fìlà tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé láti àárọ̀, ṣé ó yẹ kí ará ilé tún fọwọ́ kàn án?

A ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún oṣù púpọ̀, ibi tí a dé nìyí. Àwọn tí ó ń fi ohùn bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́ kò bìkítà bóyá wọ́n wá lọ́la tàbí wọn kò wá. Àwọn obìnrin tí ó fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni ó se oúnjẹ tí wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti fi àga wọn sílẹ̀ de ìpàdé tí ń bọ̀. Yẹ̀yẹ́ ń lé ènìyàn jáde. Ẹ̀fẹ̀ ń retí ènìyàn. Ní ti ọ̀wọ̀, òótọ́ ni pé àṣà wa ní kí á bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojú méjì ni ìwé náà ní. Bí àgbà bá gba ọ̀wọ̀ tí ó wà ní apá kan, tí kò san ohun tí ó wà ní apá kejì, gbèsè ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi ẹ̀rín rán an létí ṣe é lóore ju ẹni tí ó dákẹ́ tí ó sì kórìíra rẹ̀ lọ.

Èyí kò sọ pé kí ẹni tí ó ṣe ẹ̀fẹ̀ má ṣe tọ́jú ọgbẹ́. Arábìnrin tí ó ṣe "alága" lọ sọ́dọ̀ bàbá náà fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. A gbọ́ pé ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin la fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nítorí pé ẹ̀yin lẹ lè tún un ṣe." Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn bèèrè ọjọ́ tí ìpàdé bọ́ sí.

Ní ìpàdé náà, àwa akápò dúró, a ka ìwé owó ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, oúnjẹ títà lọ́tọ̀, owó aṣọ lọ́tọ̀. Àbá pé kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti wà níwájú ẹgbẹ́ báyìí. Àwọn kan fara mọ́ ọn, àwọn kan kò fara mọ́ ọn, ìbò ni yóò sì sọ. A rọ gbogbo wa, ọkùnrin àti obìnrin, kí a wá dì í, nítorí ẹ̀rín ti ṣe ìwọ̀n tí ó lè ṣe.

Ní ti ọmọ wa, a ti dá a lóhùn. A ní irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ó ní òun mọ̀.

Olódùmarè má jẹ́ kí ẹ̀rín tán láàárín wa, kí Ó má sì jẹ́ kí á di ẹni tí wọn kò lè fi ẹ̀rín bá wí mọ́. Àṣẹ.